Wọ́n fi ẹrù kún ẹrù wa lójú ọ̀nà

Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn dà bí ọmọ ìyá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Èyí tó gùn jù ni mo fi ṣáájú torí pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ó sì dùn mí dé egungun.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Agbaṣẹ́ṣe kékeré ni mí, Ọbáńtókò ní Abẹ́òkúta níbí ni ọ́fíìsì wa wà, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà, owó ojúmọ́ la máa ń san fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan gbé iṣẹ́ fún wa, kíláàsì mẹ́fà mẹ́fà ní ilé ìwé méjì, pẹ̀lú ilé ìyàgbẹ́ àti bohòólù, oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fún wa. A ti kan òrùlé ti àkọ́kọ́, èkejì ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, ó ku ọ̀sẹ̀ 22, iṣẹ́ ń lọ, kò sẹ́ni tó bú wa. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ọ̀gá tó ń bójú tó wa kúrò tí ẹlòmíì dé. Kò pẹ́ tó dé ni lẹ́tà jáde, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ ká máa fi rípọ́ọ̀tì ránṣẹ́ ní gbogbo Fúráìdé, pẹ̀lú fọ́tò tó máa fi ibi tí a ti yà á hàn lórí máàpù, ká tún ètò iṣẹ́ wa yà sórí Microsoft Project, ká ní risk register tí a ó máa kọ ewu iṣẹ́ sí, ká gba safety officer tó máa bójú tó ààbò, ká gba project manager tó ní sátífíkéètì PMP, ká sì máa wá ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn lóṣooṣù. Kò sí kọ́bọ̀ nínú lẹ́tà náà o. Mo pe ọ̀gá yẹn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn, pé tí mo bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé owó mi tó wà nílẹ̀ kí n yáa ṣe é. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní kí n rọra máa ṣe é, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká kó irinṣẹ́ wa kúrò ká gba ilé ẹjọ́ lọ. Èwo ni kí n ṣe? — Àbúrò yín, Ọbáńtókò.*

Àbúrò mi, àwọn méjèèjì ló ṣì í, àmọ́ ti ìyàwó rẹ sún mọ́ ọ̀nà díẹ̀. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Tí o bá kó bíríkìlà kúrò lórí sáìtì lónìí, wọ́n á ní o pa iṣẹ́ tì, wọ́n á já àdéhùn rẹ, wọ́n á sì lọ bá báńkì tó dúró fún ẹ nígbà tí o ń gba mobilization, owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, báńkì ò ní bá ẹ ṣàánú, wọ́n á san án, wọ́n á wá padà wá mú ọ. Àmọ́ má dákẹ́ ṣe é náà. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń jẹ owó àwa agbaṣẹ́ṣe.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Gọ́tà ni mò ń ṣe fún ilé iṣẹ́ ìjọba kan nígbà yẹn, n ò ní dárúkọ wọn. Ẹnjiníà wọn wá sí sáìtì lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́, ó ní kí n fa gọ́tà yẹn lọ dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́hùn-ún, pé àwọn máa fi sí variation, ìyẹn àyípadà tí wọ́n fọwọ́ sí lórí àdéhùn, kí n má ṣèyọnu. Mo fà á. Nígbà tí mo máa fi ìwé owó sílẹ̀, wọ́n ti gbé ẹnjiníà lọ sí ìpínlẹ̀ míì, mo pè é, ó ní òun rántí dáadáa, àmọ́ òun ò sí níbẹ̀ mọ́. Fáìlì ò rántí nǹkan kan ní tiẹ̀. Ẹni tó tà mí ní símẹ́ńtì láwìn ní Láfẹ́nwá ò mọ ẹnjiníà, èmi ló mọ̀, èmi ló ń pè láàárọ̀ lálẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àbúrò.

Nítorí náà, gbé ìwé àdéhùn rẹ jáde lálẹ́ òní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún wa nìkan la máa ń rí, òun náà la máa ń mú lọ sí báńkì, ìwé yòókù wà nínú bàgì níbì kan. Wá a. Ka general conditions, ka special conditions, ìyẹn òfin gbogbogbò àti òfin àkànṣe inú àdéhùn, lẹ́yìn náà kí o wá ka apá ìbẹ̀rẹ̀ BoQ (ìwé tó to iṣẹ́ àti owó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ) tí wọ́n ń pè ní preliminaries, ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà, tí a kàn máa ń ju owó sí bó ṣe wù wá ká lè tètè dé ibi bulọ́ọ̀kù àti irin. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi rípọ́ọ̀tì, fọ́tò iṣẹ́ àti ètò ààbò òṣìṣẹ́ pamọ́ sí. Tí o bá rí i pé wọ́n kọ "progress report and photographs" síbẹ̀, tí o sì fi ₦50,000 sí i tàbí tí o fi òfo sílẹ̀, iyẹn ti di gbèsè tìẹ, má jà lórí ẹ̀, ojú á kàn tì ẹ́ ni.

Tí o bá kà á tán, ohun mẹ́fà tí wọ́n béèrè yẹn máa pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹ. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀gá àtijọ́ kàn fojú fò. Ètò iṣẹ́ tuntun wà lára ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdéhùn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí kì í ní kí agbaṣẹ́ṣe máa tún ètò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bí nǹkan bá ṣe ń yí padà, àwọn àdéhùn míì tiẹ̀ wà tó ní tí o ò bá mú un wá, wọ́n lè di owó díẹ̀ mú nínú ìwé owó tó ń bọ̀. Nítorí náà ṣọ́ra, kí o má lọ máa pariwo pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lórí ohun tí o ti fọwọ́ sí.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n kàn yí i láṣọ padà ni. Ìwé rẹ lè sọ pé rípọ́ọ̀tì lóṣooṣù, wọ́n wá ní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè sọ pé ètò iṣẹ́, kò ní kí o yà á sórí Microsoft Project tí wọ́n ń fi owó rà. Ètò onílà gbọọrọ gbọọrọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Gantt chart, orúkọ ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ni, Henry Gantt, tó kú ní 1919, ìwọ wò ó bóyá ó ní kọ̀ǹpútà. Excel tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ máa yà á, kódà fóòmàánù tèmi ní Àṣẹ́rò, ẹ̀yìn páákó ló ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sí, ó sì ń bá a mu ju ti ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ. Bi wọ́n pé ṣé Excel máa tó, fi ọ̀kan ránṣẹ́ mọ́ ìbéèrè náà kí wọ́n rí i pé kì í ṣe pé o fẹ́ sá.

Èyí tó kù ni tuntun pátápátá, tí kò sí níbì kankan nínú ohun tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Lójú tèmi, PMP, ìpàdé Ìbàdàn àti safety officer tó máa jókòó sórí sáìtì látàárọ̀ dalẹ́ ló máa wà níbẹ̀, àyàfi tí ìwé rẹ bá sọ nǹkan míì.

Wò ó náà, ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn? Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ lè má ní àṣẹ láti fi nǹkan kún un, àdéhùn máa ń dárúkọ ẹni tó lè pàṣẹ àti ẹni tó lè fọwọ́ sí àyípadà. Kódà ní Amẹ́ríkà, ẹni kan tí wọ́n ń pè ní contracting officer ló ní àṣẹ àti yí àdéhùn ìjọba padà, ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lórí sáìtì ṣe iṣẹ́, wọ́n lè má san kọ́bọ̀ fún un. Torí náà tó bá jẹ́ pé ọ̀gá tuntun yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, èsì rẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àdéhùn dárúkọ, kí o wá ṣe ẹ̀dà kan fún òun kó má dà bíi pé o gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló fún agbaṣẹ́ṣe ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi kọ̀wé pé nǹkan yìí máa ná òun lówó tàbí pé ó máa gba àsìkò. Nínú ìwé FIDIC aláwọ̀ pupa ti 1999, àwòṣe àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé ṣe, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá ń lò, ọjọ́ 28 ni, láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ nípa ẹ̀, tó bá kọjá, ẹ̀tọ́ rẹ ti lọ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ má jẹ́ FIDIC, ó lè jẹ́ ọjọ́ 14, ó lè jẹ́ 21, wá nọ́ńbà yẹn jáde. Tó bá jẹ́ 28, ọjọ́ 17 ló kù fún ẹ. Tó bá jẹ́ 14, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, kí lo wá ń ṣe tí o fi ń ka èyí, lọ kọ lẹ́tà!

Òyìnbó ni o máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tí o máa sọ nìyí: a dúpẹ́ fún lẹ́tà yín ti ọjọ́ báyìí báyìí, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí àti èyí torí ó wà nínú àdéhùn ní ìlà báyìí, èyí àti èyí ò sí nínú àdéhùn, a ṣe tán láti ṣe wọ́n, iye tí wọ́n máa ná àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbà la fi mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní variation tó ní ìbuwọ́lù kí a tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ kíákíá, ẹ kọ ọ́ fún wa, a ò sọ ẹ̀tọ́ wa nù. Ó parí. Má bú ọ̀gá tuntun, má sọ ohun tó sọ lórí fóònù nípa ìwé owó. Àwọn baba wa ní awífúnni-kó-tó-dáni, àgbà ìjàkadì ni. Gbé e lọ fúnra rẹ, kí wọ́n fi sítáǹpù lu ẹ̀dà tìẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á, kí o sì tún fi íméèlì ránṣẹ́. WhatsApp nìkan ò tó o, fóònù lè bọ́ sínú omi.

Iye owó ńkọ́? Jẹ́ ká jọ ṣe é, bí o bá ṣe rí i ní tìẹ kí o yí nọ́ńbà padà. Ká ní rípọ́ọ̀tì ọ̀sẹ̀ kan máa gba ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ kan, ọ̀sẹ̀ 22 jẹ́ ọjọ́ 33, tí ọjọ́ kan bá jẹ́ ₦20,000, ₦660,000 nìyẹn. Ìpàdé Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ìwọ àti ẹnjiníà rẹ, ọkọ̀, oúnjẹ àti ọjọ́ iṣẹ́ tó lọ, ká pe ìkọ̀ọ̀kan ní ₦60,000, ₦300,000. (Bí ọkọ̀ ojú irin bá bá àsìkò ìpàdé mu, Láderin sí Mọ́níyà lè fi díẹ̀ dín in, àmọ́ má fi ìyẹn sínú ìwé, ìdínkù yẹn tìẹ ni.) Safety officer ₦120,000 lóṣù fún oṣù márùn-ún, ₦600,000. Oní-PMP tó máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦250,000 lóṣù, ₦1,250,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2,810,000, fi VAT 7.5% lé e, ₦210,750, ó di ₦3,020,750. Ìwọ rí i báyìí, lẹ́tà ojú ìwé kan tí ò ní kọ́bọ̀ nínú, mílíọ̀nù mẹ́ta ni. Nígbà tí àwọn náà bá rí nọ́ńbà yẹn lórí ìwé, n ò ní parọ́ fún ẹ, ìdajì nínú ohun tí wọ́n béèrè máa ń pòórá. Wọ́n á ní kí rípọ́ọ̀tì di ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ìpàdé di ti orí Zoom. Èyí tó pòórá náà, gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìwé.

Lórí PMP, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ ní Pàǹṣẹ́kẹ́ pé òun lè bá ẹ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Project Management Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ló ń fúnni. Ẹni tó bá ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti ṣe olórí iṣẹ́ fún oṣù 36, ẹni tí ò ní, oṣù 60, pẹ̀lú wákàtí 35 ẹ̀kọ́, kó tó wá jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ iṣẹ́ rẹ ò lè gbà á kí ilé ìwé yẹn tó parí. Ohun tó dáa ni kí o fi ẹnjiníà rẹ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, síwájú, kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí o bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa gba ẹni yìí dípò. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á gbà, torí ẹni tó kọ lẹ́tà náà, ó lè jẹ́ pé ibi ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ló ti gbọ́ ọ.

Fún wọn ní nǹkan kan lọ́fẹ̀ẹ́ o. Fọ́tò tó ń fi ibi hàn lórí máàpù yẹn, fóònù tó wà lápò rẹ lè ṣe é, tan location nìkan ni, kò ná ẹ ní nǹkan. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé èyí, a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí o bá ṣe tí o ò kọ pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á gbà pé dandan ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní o ò rọ ìpìlẹ̀ tó bó ṣe yẹ, fọ́tò yẹn náà ló máa gbà ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé owó tí wọ́n fi ń halẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni tìẹ, nítorí náà Public Procurement Act ti 2007 ló dé ẹ (ti ìpínlẹ̀ ní òfin àti ọ́fíìsì tiwọn ní Òkè-Mọ́sàn, ẹ má po wọ́n pọ̀). Apá 37 nínú òfin yẹn sọ pé owó tó bá ti kọjá ọjọ́ 60 láti ìgbà tí o ti fi ìwé owó sílẹ̀, owó tó pẹ́ ni, èlé sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ ní iye tí àdéhùn bá sọ. Àmọ́ má kọ nọ́ńbà òfin sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ìjà lò ń pè nìyẹn. Kàn rí i dájú pé sítáǹpù wà lára ìwé owó rẹ, kí o máa ka ọjọ́ lọ. Tó bá pé 45 tí o ò gbọ́ nǹkan, kọ ìránnilétí jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá kọjá 60, ìgbà yẹn la máa mú lọ́yà wá, kì í ṣe lónìí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrà wa. Oúnjẹ ni mò ń sè fún ibùdó kan tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, LPO, ìwé tí wọ́n fi ń pàṣẹ ọjà, ni wọ́n máa ń fún mi. Láti oṣù tó kọjá wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹun, pẹ̀lú ohun tó jẹ, kí n tẹ̀ ẹ́ sí Excel lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà. — Ìyá Ọlọ́fàdà, Kútọ̀.*

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, Mà. LPO yẹn ni àdéhùn yín o, ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ ka lẹ́tà wíńníwíńní tó wà níbẹ̀. Tí kò bá sí Excel níbẹ̀, ẹ ra ìwé ńlá onílà kan, kí ọmọ yín kan máa kọ iye àwo tó jáde lójúmọ́, kí òṣìṣẹ́ wọn tó ń kà á sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó abọ́ kúrò, lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ìwé yẹn ju Excel lọ torí ìbuwọ́lù wọn wà nínú ẹ̀. Ẹ wá sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì lè máa tẹ̀ ẹ́ látinú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní dandan, LPO tó ń bọ̀, ẹ fi owó ẹni tó ń tẹ̀wé lé owó àwo kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á. LPO tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ gbé e tì síbẹ̀, owó ẹ̀ ti di mímọ̀. Ẹ bá mi bù díẹ̀ pamọ́ tí ẹ bá tún se ọ̀fadà, mo máa ń gba Kútọ̀ kọjá.

*Sà, ẹnjiníà ni mí ní ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan, ọdún kejì mi rèé. Ìjọba ní àwọn fẹ́ project manager, ọ̀gá mi bá fi orúkọ mi ránṣẹ́ láìsọ fún mi, owó oṣù ò kúrò níbi tó wà. Àwọn rípọ́ọ̀tì tí mi ò kọ ni wọ́n ń gbé wá kí n fọwọ́ sí. — T., Adátán.*

Àbúrò, ti owó oṣù yẹn lè dúró, ti ìbuwọ́lù ò lè dúró. Má fọwọ́ sí ohun tí o ò fojú rí lórí sáìtì. Bi ọ̀gá rẹ jẹ́ẹ́jẹ́ kó fún ẹ ní lẹ́tà tó sọ ohun tí ipò yẹn jẹ́, ẹni tí o máa jíṣẹ́ fún, àti bóyá o lè dá iṣẹ́ tí ò dáa dúró, kó wá kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Inú lẹ́tà yẹn gan-an lo ti máa mọ̀ bóyá ó fẹ́ máníjà ni àbí ó fẹ́ ọwọ́ tó máa buwọ́ lùwé. Èyí tí o ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mú wọn lọ sáìtì ní Mọ́ńdè, fi wé ohun tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá bá a mu, kọ íméèlì sí ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ yẹn náà pé ojú ìwé báyìí nílò àtúnṣe, kó sì jẹ́ pé o kọ ọ́ kí ìjọba tó béèrè.